Ẹ̀jẹ̀ Tí Alàgbà Ilésanmí Ọláníyọnu Fi Tọrẹ (1938–1999)

Ọdún 1938, ní àsìkò tí wọ́n ń ká obì, ni a bí bàbá wa, Alàgbà John Ilésanmí Ọláníyọnu, ní agboolé Ọláníyọnu ní Ìpara Rẹ́mọ. Bàbá wọn ni Olóògbé Sámúẹ́lì Ọláníyọnu, àgbẹ̀ olóbì tí gbogbo Ìpara mọ̀ sí ẹni tí kì í pariwo. Ìyá wọn ni Olóògbé Ẹfúnyẹmí, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí ń ta ẹja gbígbẹ. Nínú ọmọ mẹ́jọ tí ìyá yìí bí, Bàbá ni ìkẹrin. Àwọn yòókù dúró ti oko. Bàbá nìkan ló kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ní ọdún 1945, wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìpara, wọ́n sì jáde ní 1952. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, ọkùnrin kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé, tí ń gún àwọn ènìyàn lábẹ́rẹ́ fún ibà àti egbò. Abẹ́rẹ́ kan náà ló ń lò fún gbogbo agboolé, omi gbígbóná ló sì fi ń ṣàn án nígbà tó bá rántí. Bákan náà ni wọ́n máa ń to àwọn ọmọdé jókòó láàárọ̀, tí wọn yóò fi abẹ kan ṣoṣo sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo wọn. Gbogbo ilé ló ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó rò ó sí ibi. A kọ ọ́ síhìn-ín nítorí pé dókítà béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá nígbà tí wọ́n ti di àgbàlagbà.

Ọdún 1954 ni Bàbá wá sí Ṣàgámù láti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Wọ́n ṣe fúrídọ̀mù ní 1959. Láti ìgbà náà, kò sí àdúgbò kan ní Ṣàgámù tí wọn kò ti mọ ilé. Ohun tí àwọn oníbàárà wọn kì í gbàgbé ni pé ògiri tó bá wọ́, Bàbá yóò wó o, àní bí onílé bá tilẹ̀ ní òun fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Onílé á máa bẹ̀ wọ́n, wọn á máa wó ògiri lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ilé wa náà nìyẹn, àwa ọmọ wọn sì lè jẹ́rìí sí i.

Ní ọdún 1963, wọ́n fẹ́ ìyá wa, Olúrántí, aránṣọ, ọmọ Ìlíṣàn. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Àyànfẹ́olúwa, Ṣìkẹ́mi àti Pamílẹ́rìn. Mama fẹ́ràn ọ̀rọ̀, Bàbá kò fẹ́ràn rẹ̀, ilé náà sì dọ́gba bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1966 ni Bàbá ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ wa tí ń pa Sábáàtì mọ́. Láti ọjọ́ náà, wọn kò fi ẹnu kan ọtí, tábà tàbí obì mọ́. Ti obì yìí dun bàbá wọn. Wọ́n béèrè bóyá owó obì tí àwọn fi tọ́ Bàbá ni Bàbá kò fẹ́ mọ́. Bàbá fèsì pé owó rẹ̀ ni àwọn jẹ, kì í ṣe obì, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Tí a bá ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, tí onílé bá gbé ẹmu fún àwọn òṣìṣẹ́, Bàbá yóò lọ dúró síbi iyanrìn títí wọn yóò fi mu ún tán. Ní 1981, ìjọ fi wọ́n jẹ alàgbà.

Iṣẹ́ ìsìn tí ọ̀pọ̀ yín mọ Bàbá mọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1974. Ibà mú Ṣìkẹ́mi nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ sì tán lára rẹ̀. Bàbá fún un ní ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún wọn pé irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní, ó ṣeé fún ẹnikẹ́ni. Bàbá rí àwọn ẹlòmíràn ní wọ́ọ̀dù náà tí àwọn ẹbí wọn ti sá lọ nítorí wọ́n gbọ́ pé wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ sí ilé ìwòsàn fúnra wọn, ní oṣù díẹ̀ díẹ̀ síra, láìsí ẹni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní 1984, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ sílẹ̀ nínú ìjọ. Ọmọ wọn ọkùnrin tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún, kò sí àwáwí.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1989, Bàbá ń rẹ́ ògiri ilé ìkóbìsí fún ọ̀rẹ́ wọn, Olóògbé Alhaji Yúnúsà Owólabí, oníṣòwò obì pàtàkì ní Ṣàgámù. Ọjọ́ náà ni Sàrátù, ọmọ Alhaji, bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn béèrè ẹ̀jẹ̀. Ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu. Ẹnì kan ṣoṣo tí tirẹ̀ bá a mu ní òun ń lọ ra epo sínú mọ́tò, a kò sì rí i mọ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá lọ bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lọ́wọ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀jẹ̀. Sàrátù yè, ọmọ náà sì yè, ṣùgbọ́n àwọn dókítà sọ pé kò ní lè bímọ mìíràn mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ náà ní Kareemat, Alhaji Owólabí dìde láàárín àwọn àlejò. Wọ́n ní: “Ẹ̀jẹ̀ Bíríkìlà ló wà lára Sàrátù ọmọ mi yìí o. Ẹni tó bá ti bú u, èmi náà ló bú.” Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ọjà obì ti ń pe Sàrátù ní Ọmọ Bíríkìlà. Lọ́dọọdún ni Alhaji ń fi agbọ̀n obì kan ránṣẹ́ sí Bàbá, wọn kì í sì í rántí pé ìjọ wa kì í jẹ ẹ́. Mama ló ń pín in fún àwọn aládùúgbò. Nígbà tí Alhaji kú ní 1993, Sàrátù ń bá a lọ láti máa fi agbọ̀n náà ránṣẹ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ wàyí ni ó mú kí ìtàn yìí gùn ju bí ẹ ṣe máa ń rí i nínú irú ìwé báyìí. A gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó kàn kí a tó kọ ọ́.

Ní ọdún 1995, Dókítà Adétúnbọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, rí irinṣẹ́ àyẹ̀wò tuntun gbà. Àrùn kan ni àyẹ̀wò náà wà fún, mẹ́dọ̀wú irú C, tí ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní gbogbo ọdún tí Bàbá ti ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ṣáájú ìgbà náà, kò tíì sí àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi. Àwọn aláìsàn kọ́ ni dókítà ń wá. Àwọn tí ara wọn le, tí ń fi ẹ̀jẹ̀ wọn fún ẹlòmíràn, ni ó fẹ́ yẹ̀ wò, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹni tí ohunkóhun kò ṣe lè ní àrùn yìí lára. Bàbá kó gbogbo ẹgbẹ́ wá fún un. Bàbá ló kọ́kọ́ na apá.

Nígbà tí èsì dé, dókítà ránṣẹ́ pe Bàbá nìkan. Ó ṣàlàyé pé àyẹ̀wò náà rí àrùn yìí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n pé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lè ṣìnà, nítorí náà òun yóò tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó tún rí i. Ó fi ẹ̀jẹ̀ mìíràn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ náà sì rí i. Dókítà ló sọ fún wa pé Bàbá bá òun jiyàn. Wọ́n ní: “Dókítà, àná ni mo gun àkàbà dé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo tún gbé sìmẹ́ńtì dání. Ta wá ni aláìsàn?” Dókítà dáhùn pé bí àrùn náà ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Kì í mú ibà wá, ojú kì í sábà pọ́n, ó sì lè wà lára ènìyàn fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n kí ó tó fara hàn. Bàbá ní àwọn mọ irú rẹ̀, pé ikán inú igi òrùlé ni.

Dókítà béèrè nípa abẹ́rẹ́ àti gbẹ́rẹ́ ìgbà èwe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ èyí tí àrùn náà bá wọlé. Ó ní kí wọ́n má fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ mọ́, kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni lo abẹ pọ̀, kí wọ́n sì mú Mama wá fún àyẹ̀wò, pẹ̀lú Ṣìkẹ́mi tó ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Oògùn tó wà fún un nígbà náà, òkè òkun ni, kò sì dájú pé yóò ṣiṣẹ́. Mama àti Ṣìkẹ́mi ṣe àyẹ̀wò, kò sí lára àwọn méjèèjì. Ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n rò pé dókítà ń wò. Dókítà ní gbogbo ìgbà tí òun ń sọ̀rọ̀, ohun kan ṣoṣo ni Bàbá béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: “Sàrátù ńkọ́?”

Bàbá lọ bá Sàrátù ní ìsọ̀ obì rẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé fún un fúnra wọn. Àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àrùn náà wà lára Sàrátù. Kò sí lára Kareemat. Ara Sàrátù le koko, bí ti Bàbá náà ṣe le.

Sàrátù bẹ Bàbá pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó kejì ni nílé ọkọ rẹ̀, Hussain, Kareemat sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó ní. Tí wọ́n bá lé e jáde, ọmọ yóò kù sílé bàbá rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá ra obì, ẹnu ló ń sọ ọ́ sí tààrà, ta ni yóò sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní ó ní àrùn? Dókítà sọ fún un pé obì kò lè gbé àrùn yìí, oúnjẹ kò lè gbé e, ìfọwọ́kàn kò lè gbé e. Sàrátù ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n pé dókítà kò ní wá dúró ní ọjà máa ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn oníbàárà òun.

Bàbá ṣèlérí fún un. Ẹ wo ohun tí ìlérí náà túmọ̀ sí. Gbogbo Ṣàgámù ló mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ Bíríkìlà lọ. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ àrùn tó wà lára Bàbá, orúkọ tí yóò tẹ̀lé e lẹ́nu rẹ̀ ni ti Sàrátù. Nítorí náà, Bàbá kò lè sọ ohun tó ń ṣe àwọn fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó wọn. Wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ pé àgbà ti dé, pé kí àwọn ọ̀dọ́ máa bá a lọ. Àwọn yòókù tó ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ilé ìwòsàn kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Dókítà ní ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Bàbá sùn dáadáa, pé wọ́n fẹ́ kéde rẹ̀ nínú ìjọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè kéde rẹ̀ láì dárúkọ ara wọn.

Ní ọdún 1997, ẹsẹ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, inú wọn sì tẹ̀lé e. Ojú wọn pọ́n. Nínú ìjọ tiwa, ẹni tí inú rẹ̀ bá wú báyìí, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń rò: pé ó ń mutí ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn alàgbà díẹ̀ pe Bàbá jókòó. Wọ́n bi wọ́n bóyá ọtí ni. Bàbá ní: “N ò mu ún.” Wọ́n bi wọ́n pé kí ni dókítà wá sọ. Bàbá ní ìyẹn wà láàárín àwọn àti dókítà. Kò sí ìdáhùn tó lè burú ju èyí lọ. Wọ́n gba ipò alàgbà lọ́wọ́ Bàbá ní oṣù Kẹta ọdún 1998. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ ṣe é, a kò purọ́ mọ́ wọn.

Bàbá kò fi ìjọ sílẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí lọ́jọ́ Sábáàtì, pẹ̀lú ikùn wọn, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Inú Mama bàjẹ́ gan-an. Mama gbà kí a kọ ọ́ pé àwọn náà ti gbóòórùn ẹnu Bàbá nígbà tí Bàbá ń sùn. Àwa ọmọ bínú sí Bàbá pé ẹni tó lè wó ògiri ológiri nítorí pé ó wọ́ díẹ̀ kò lè la ẹnu kí ó gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 1999, Bàbá sùn nínú Olúwa ní ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n pe Àyànfẹ́olúwa sétí. Wọ́n ní: “Ẹ má kọ àìsàn ránpẹ́ sí ìwé òkú mi. Kì í ṣe ránpẹ́. Ẹ lọ bi Sàrátù Owólabí. Ohun tó bá ní kí ẹ kọ, òun ni kí ẹ kọ. Tó bá ní kí ẹ dákẹ́, kí ẹ dákẹ́.”

Ohun tí Mama kọ́kọ́ rò nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ obìnrin lẹ́nu ọkọ wọn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí.

Àyànfẹ́olúwa àti Pamílẹ́rìn lọ bá Sàrátù ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń ṣa obì lọ́wọ́, ó ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ. Nígbà tí wọ́n jíṣẹ́ Bàbá fún un, ó béèrè ìgbà tí ìwé náà máa lọ sílé ìtẹ̀wé. Wọ́n dáhùn. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun bá ọkọ òun sọ̀rọ̀ ná.

Ní ọjọ́ kejì, ó wá sílé wa ní òun nìkan. Ó jókòó síwájú Mama, ó sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti kà yìí. Nígbà tó parí, ó ní: “Ẹ kọ ọ́, mà. Bàbá fi orúkọ wọn bo tèmi láti ọdún yẹn. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n gbé orúkọ ọ̀mùtí wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ kọ orúkọ tèmi náà, torí àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ bíi tèmi, wọn ò mọ̀.” Mama sunkún lọ́jọ́ náà ju bí wọ́n ṣe sunkún lọ́jọ́ tí Bàbá kú.

Títí di ìgbà tí ìwé yìí fi lọ sílé ìtẹ̀wé, Hussain kò tíì dá Sàrátù lóhùn. Kareemat ti wà ní Likosi báyìí lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. A rọ̀ yín, ẹ̀yin ará ọjà obì, bí ẹ bá ti ka ibí yìí tán, kí ẹ ra obì lọ́wọ́ Sàrátù bí ẹ ṣe ń rà á tẹ́lẹ̀. Dókítà Adétúnbọ̀ wà láàárín wa lónìí, ẹ lè bi í fúnra yín bóyá ìpalára kan wà níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ẹ̀jẹ̀ ní Ṣàgámù kí ọdún 1995 tó dé, kí ó jọ̀wọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, kí ó má dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí Bàbá ṣe ń fẹ́ láti kéde rẹ̀ nìyẹn.

Fún ìjọ, a kò béèrè pé kí wọ́n dá ipò alàgbà padà. Bàbá kò nílò rẹ̀ mọ́. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé wọn kò mutí.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Bàbá ni ìyàwó wọn, Ìyáàfin Olúrántí Ọláníyọnu. Àbúrò wọn méjì ní Ìpara. Ọkọ àti ìyàwó àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ. Sàrátù kò sọ ibi tí a ó kọ orúkọ òun sí. Mama ló sọ ọ́.

Àwọn ọmọ: Àyànfẹ́olúwa, Sàrátù, Ṣìkẹ́mi, Pamílẹ́rìn.

Àwọn ọmọ-ọmọ: Ìfẹ́dayọ̀, Kareemat, Tòmíwá, Mojísọ́lá.

Bàbá, ẹ sinmi. A ti sọ ọ́ fún wọn. Ẹ sùn ire títí ilẹ̀ Olúwa yóò fi mọ́.